Kí ẹ tó fowó sínú ilé iṣẹ́ kékeré tó ń wá epo rọ̀bì: bí àwa ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò l'Ádó-Èkìtì

Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò mi kan l'Ádó gbẹ́ bóhóòlù. Ó ti kọ́kọ́ sanwó fún àwọn tó máa ń na wáyà sílẹ̀ láti yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, àwọn yẹn sì ri igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni omi wà. Ọkọ̀ agbẹ́lẹ̀ dé láàárọ̀ Sátidé. Ó pariwo títí ilẹ̀ fi ń ṣú, eruku funfun bo gbogbo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àpáta ni wọ́n bá, àpáta náà ni wọ́n bá parí iṣẹ́. Omi kò yọ. Àwọn agbẹ́lẹ̀ kó páìpù wọn, wọ́n gba owó wọn pé, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹni tó bá ti gbé lórí àpáta Èkìtì yìí, tó sì ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ kékeré tó ń wá epo. Epo kò sí lábẹ́ ilẹ̀ tiwa o. Òkúta líle irú èyí tó di Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́ kì í ṣe irú òkúta tí epo ń bá gbé. Ibi tí omi ti ń da iyanrìn àti ẹrẹ̀ jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni epo máa ń wà, bíi Niger Delta, tàbí etíkun Ìlàjẹ lọ́dọ̀ àwọn ará Oǹdó. Ṣùgbọ́n owó wa máa ń rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwa mẹ́sàn-án ni, a jáde láti inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú wa, nọ́ọ̀sì kan wà, oníṣòwò aṣọ kan wà l'Ọ́jà Ọba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe náà wà níbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Bí ìpàdé alájẹṣẹ́kù bá ti parí, tí àwọn yòókù ti lọ, àwa á tún àga tò nínú kíláàsì tí a máa ń lò, a ó sì máa jiyàn lórí ṣíà tí a fẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ báńkì tàbí símẹ́ńtì, ogún ìṣẹ́jú ti tó. Bí ó bá kan ilé iṣẹ́ tó ń wá epo, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ni ní jọ́gíráfì, kò sí máàpù tí wọn kì í rí epo lórí rẹ̀. Màmá Aláṣọ ní tiwọn, owó tó ń jáde nìkan ni wọ́n máa ń rí.

Inú iyàn àwọn méjèèjì ni àwọn ìgbésẹ̀ yìí ti jáde, àti inú owó tèmi tó ti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé epo ni wọ́n ní, àbí ìrètí epo?

Ilé iṣẹ́ ńlá ń fa epo, ó ń tà á, ó sì ń yọ lára èrè rẹ̀ láti fi wá òmíràn. Ilé iṣẹ́ kékeré tí mò ń sọ yìí lè má ní kànga kan ṣoṣo tó ń ṣàn. Ohun tó ní ni ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ kan tàbí lójú òkun, àwòrán abẹ́ ilẹ̀, àti èrò àwọn onímọ̀ nípa àwòrán náà. Wọ́n á rán ìró lọ sísàlẹ̀, wọ́n á gba gbohùngbohùn rẹ̀ bó ṣe ń padà bọ̀, wọ́n á fi mọ bí òkúta ṣe to léra. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Àmọ́ ibi tí epo lè sá pamọ́ sí ni àwòrán yẹn ń fi hàn, kì í fi epo hàn. Igi ẹ̀yìn ilé ìdáná aládùúgbò mi nìyẹn.

Nínú ìwé wọn, ẹ ó bá orúkọ mẹ́ta pàdé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ yín lójú. Prospective resources ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ́lẹ̀ kàn. Contingent resources ni èyí tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ kàn, àmọ́ tí nǹkan kan ṣì ń dènà rẹ̀: bóyá kò sí páìpù, bóyá kò sí owó, bóyá ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i. Reserves nìkan ni èyí tí wọ́n ti rí, tí ètò wà láti fà á jáde, tí èrè sì lè wà lórí rẹ̀ ní iye tí ọjà ń lọ. Reserves náà tún pín sí mẹ́ta. 1P ni iye tí wọ́n fọkàn sí jù, tí ó tó 90 nínú 100 pé ohun tí wọ́n máa fà jáde kò ní dín sí i. 2P jẹ́ 50 nínú 100. 3P jẹ́ 10 péré. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ń polówó ọjà rẹ̀, 3P ló máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìlà 1P àti 2P ni kí ẹ fi ìka yín lé.

Kódà èyí tí wọ́n ti kọ sí reserves lè pòórá. Afren jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ṣíà rẹ̀ wà ní London, tó sì ń fa epo ní Ebok àti Okoro lójú òkun Nàìjíríà. Ó ní pápá epo kan ní apá Kurdistan nílẹ̀ Ìráàkì, Barda Rash lorúkọ rẹ̀. Àgbá (barrel) epo 190 mílíọ̀nù ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ní ìpele 2P. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò jí epo náà. Kànga tí wọ́n gbẹ́ àti àyẹ̀wò tuntun ló sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n rò kọ́ ló wà nísàlẹ̀. Gbèsè ti wà lọ́rùn wọn tẹ́lẹ̀, owó epo sì ti já. Nígbà tí oṣù keje ọdún yẹn ń parí, ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí òfin yàn láti bójú tó ilé iṣẹ́ tó wọ gbèsè. Àwọn tó ní ṣíà kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Ìyẹn ló fà á tí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìpàdé wa fi máa ń jẹ́: àgbá mélòó, lórúkọ wo, ta ló kà á, lọ́jọ́ wo? Onímọ̀ láti ìta ló yẹ kó kà á, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Bí ìwé náà bá ti pé ọdún márùn-ún, ìtàn lẹ ń kà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ ìpín tiwọn kúrò nínú àpapọ̀

Pápá epo kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan. Bí wọ́n bá kọ àgbá 100 mílíọ̀nù gàdàgbà sójú ìwé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ net sí, ìyẹn ìpín tiwọn gan-an. Bí ìdá 25 nínú 100 bá jẹ́ tiwọn, mílíọ̀nù 25 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlà tí wọ́n ti sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kànga náà á kan nǹkan. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan nínú márùn-ún, ẹ fi márùn-ún pín mílíọ̀nù 25. Ó ku mílíọ̀nù 5.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà kórìíra ìṣirò yìí. Wọ́n ní epo kì í wà ní ìdá kan nínú márùn-ún. Bó bá wà, ó wà, bí kò bá sí, kò sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Màmá Aláṣọ ló dá wọn lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ ra bélì òkìríkà márùn-ún láì tú u wò, tí mo mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń dáa nínú wọn, ṣé owó bélì márùn-ún tó dáa ni kí n san?"

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó tó wà lọ́wọ́ wọn, àti oṣù tó lè gbé wọn dé

Ibí ni èmi ti jóná. Kí àwa mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀, mo ra ṣíà ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá epo nípasẹ̀ ìbátan mi kan tó ń gbé ìlú òyìnbó. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga kan tó máa yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ka gbogbo ìròyìn kànga náà, mo mọ bí yóò ṣe jìn tó, mo mọ orúkọ ríìgì, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, tó ń bọ̀. N kò wo owó tó wà ní báńkì wọn rárá. Kí ríìgì tó dé, wọ́n ti ta ṣíà tuntun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ní iye tó rẹlẹ̀ sí èyí tí mo fi ra tèmi. Kànga náà gbẹ. Ṣùgbọ́n kó tó gbẹ ni ìdajì owó mi ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú bọ́ọ̀dù bí a ti máa ń ṣe é, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tí a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ṣíà tó wà níta jẹ́ mílíọ̀nù 200, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní sẹ́ńtì mẹ́ta ààbọ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ náà, bí ọjà ṣe wò ó, tó mílíọ̀nù 7 dọ́là. Mílíọ̀nù 6 dọ́là wà ní báńkì wọn. Owó oṣù, owó ọ́fíìsì àti owó ìwé àṣẹ ń jẹ 250,000 dọ́là lóṣooṣù. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n jókòó, owó náà á gbé wọn fún oṣù 24. Àmọ́ wọ́n ní lẹ́yìn oṣù 12 làwọn fẹ́ gbẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, mílíọ̀nù 3 ló kù. Kànga náà á jẹ mílíọ̀nù 40, ìdá 25 tiwọn sì jẹ́ mílíọ̀nù 10.

Níbo ni mílíọ̀nù 7 tó kù á ti wá? Ẹ kíyè sí i pé iye yẹn gan-an ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà tó lọ́jà.

Báńkì kì í fẹ́ yá ẹni tí kò tíì ta nǹkan kan lówó. Ó ku ọ̀nà méjì. Bóyá kí wọ́n fún ilé iṣẹ́ tó tóbi jù wọ́n lọ ní díẹ̀ nínú ìpín wọn, kí ìyẹn san owó kànga. Farm-out ni wọ́n ń pe èyí. Tàbí kí wọ́n ta ṣíà tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ta ṣíà tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní láti dín owó rẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Ká ní wọ́n ta á ní sẹ́ńtì méjì ààbọ̀: mílíọ̀nù 280 ṣíà tuntun nìyẹn kí wọ́n tó rí mílíọ̀nù 7 dọ́là. Àpapọ̀ ti di mílíọ̀nù 480. Ẹni tó ní ṣíà mílíọ̀nù 2, tí ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú 100 tẹ́lẹ̀, kò tó ààbọ̀ ìdá mọ́, 0.42 ló kù sí i lọ́wọ́. Kò ta nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò sì jí nǹkan rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ti kọ́kọ́ fi ìdá kan nínú 100 lu àgbá mílíọ̀nù 25 ti ìgbésẹ̀ kejì, wọ́n rí àgbá 250,000, wọ́n sì ti fi ọkàn kọ́lé sí Ìwòròkó. Mo gba ẹfun lọ́wọ́ wọn. Mílíọ̀nù 5 tí a rí ní ìgbésẹ̀ kejì, ní ìlọ́po 0.42 nínú 100, jẹ́ nǹkan bí àgbá 21,000. Àgbá 21,000 yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. A kò tíì yọ owó orí, owó ìjọba lórí epo, owó ríìgì fún àwọn kànga tó máa tẹ̀ lé e. Kíláàsì dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Nínú ìwé ìṣirò owó wọn, ibi tí wọ́n kọ cash flow sí, owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi èrè. Ilé iṣẹ́ tí kò tíì ta epo kò ní èrè tí ẹ fẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà going concern. Bí àwọn tó yẹ ìwé wò bá kọ ọ́ pé iyèméjì wà bóyá ilé iṣẹ́ yìí á lè máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ dúró níbẹ̀. Àwọn yẹn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pé farm-out wà, ìròyìn rere ni lójú mi, ó dára ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ, nítorí pé ilé iṣẹ́ ńlá náà ní onímọ̀ tirẹ̀, wọ́n ti wo àwòrán kí wọ́n tó na owó. Kìkì pé kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé, àbí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. "À ń sọ̀rọ̀" ti pa owó púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo aago ìwé àṣẹ

Òfin epo rọ̀bì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 fún ẹni tó ń wá epo lórí ilẹ̀ tàbí ní omi tí kò jìn ní ọdún mẹ́ta, tí wọ́n lè fi mẹ́ta kún. Ibi tí òkun ti jìn, àti ilẹ̀ tí wọn kò tíì wá epo dáadáa rí, gba ọdún márùn-ún, pẹ̀lú márùn-ún mìíràn. Àjọ NUPRC ló ń bójú tó o. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìwé àṣẹ á parí ṣe pàtàkì ju bí epo ṣe pọ̀ tó lórí àwòrán lọ. Ẹni tí oṣù méje kù fún, tí kò lówó, kò ní agbára láti dúnàá dúrà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ bá a dòwò pọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ falẹ̀.

Epo kì í sì í kánjú. Ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ kan ti ń gbẹ́lẹ̀ ní agbègbè Aràrómì, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ mìíràn tó kan epo tó ṣeé tà, ní Oloibiri, níbi tó jìnnà sí Aràrómì. Ẹ wo ti Yinka Folawiyo Petroleum. Wọ́n gba ìwé àṣẹ wọn ní 1991. Wọ́n rí epo ní pápá Aje, lójú òkun Èkó, ní 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni epo tó kọ́kọ́ ṣàn níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Fájúyì lọ́jọ́ tí à ń jó fún ìpínlẹ̀ tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún ọdún. Ọlọ́rọ̀ tó ní sùúrù ló lè ṣe irú ìyẹn. Owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró ogún ọdún, owó aṣọ ọdún náà kì í dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ àwọn ènìyàn wọn wò, àti ẹni tó fẹ́ yá wọn lówó

Ní 2020, ilé iṣẹ́ epo Lekoil náà wà ní London, lọ́jà AIM tó wà fún ilé iṣẹ́ kéékèèké. Ó ní ìpín nínú OPL 310, ìwé àṣẹ kan láti wá epo lójú òkun ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, níbi tí Afren ti gbẹ́lẹ̀ kan epo Ogo ní 2013. Owó láti fi tẹ̀ síwájú ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n kéde pé àjọ ìdókòòwò ìjọba Qatar fẹ́ yá àwọn ní mílíọ̀nù 184 dọ́là. Inú àwọn tó ní ṣíà dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dá títà ṣíà náà dúró, nítorí ó ti hàn pé àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú Qatar kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni. Oníjìbìtì ni wọ́n. Wọ́n tan ilé iṣẹ́ náà jẹ. Nígbà tí ọjà tún ṣí, iye ṣíà náà já ju ìdajì lọ.

Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni pé bí ẹni kan bá kéde pé òun rí owó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo máa ń lọ wo ilé ẹlòmíràn náà, bóyá òun pẹ̀lú ti sọ ọ́. Ojúlé wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí Qatar kò bá sọ nǹkan kan, tí ilé iṣẹ́ kékeré náà nìkan ń pariwo, ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná.

Ẹ tún wo bí àwọn ọ̀gá ṣe ń sanwó fún ara wọn. Àwọn olórí Afren méjì, Osman Shahenshah àti Shahid Ullah, ni ilé ẹjọ́ ní London dá lẹ́bi ní 2018 lórí ẹ̀sùn jìbìtì, fún owó tí wọ́n dọ́gbọ́n gbà láti inú àdéhùn kan ní Nàìjíríà. Ẹ kò lè rí irú ìyẹn láti Adó. Ohun tí ẹ lè rí ni owó oṣù wọn nínú ìwé ọdọọdún, àti bóyá wọ́n ń fi owó ara wọn ra ṣíà nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin rà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: báwo ni epo ṣe máa dé ọjà, àti iye tí wọ́n á rà á

Èyí kò gùn. Epo tó yọ ní ibi tí kò sí páìpù, ọmọ tí kò ní bàtà ni. Ní oṣù kejì ọdún 2016, wọ́n fọ́ páìpù tó ń gbé epo lọ sí Forcados, ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń kó o, ilé iṣẹ́ Seplat tó ní epo gidi, tó ń fà á gidi, kò sì rí ọ̀nà gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde fún ìgbà pípẹ́. Bí ìyẹn bá ṣe ẹni ńlá, ẹ fojú inú wo ẹni kékeré.

Iye epo ńkọ́? Láàárín ọdún 2014, àgbá kan Brent, epo tí wọ́n fi ń wọn iye ọjà àgbáyé, ju 110 dọ́là lọ. Ní oṣù kìíní 2016, kò tó 30. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kòrónà, epo Amẹ́ríkà bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, dọ́là 37 ó lé: ẹni tó ní epo ló ń sanwó fún ẹni tó máa bá a gbé e. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní èrè máa wà bí epo bá wà ní 90 dọ́là, ẹ béèrè pé ní 50 ńkọ́?

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀nà tí owó yín ń gbà wọlé, àti èyí tó ń gbà jáde

L'Ọ́jà ṣíà NGX ní Èkó, ẹ nílò alágbàtà ṣíà tó ní ìwé àṣẹ àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà náà, àti nọ́ńbà CSCS, ti àkáǹtì tí ṣíà yín wà nínú rẹ̀, tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Orúkọ àwọn alágbàtà wà lórí ojúlé SEC. Ẹ wò ó fúnra yín. Ṣùgbọ́n irú ilé iṣẹ́ tí à ń sọ yìí ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Seplat wọ ọjà Èkó àti ti London lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àmọ́ ẹni tó ti ń ta epo ni, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kékeré wà ní London tàbí Kánádà, ó sì túmọ̀ sí pé ẹ ó fi náírà ra dọ́là tàbí pọ́n-ùn kí ẹ tó ra ìrètí. Owó pààrọ̀ nìkan lè gba èrè ọdún kan.

Ìwé ṣíà ni mò ń sọ o. Bí ẹnì kan bá wọ WhatsApp yín pé kí ẹ "ra ìpín nínú kànga epo", kó máa san èlé fún yín lóṣooṣù, ẹ ti mọ ọmọ ìyá rẹ̀: MMM tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá 2016, CBEX tí wọn kò rí owó gbà kúrò nínú rẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹrin 2025. Kànga tí wọn kò tíì gbẹ́ kì í san nǹkan kan lóṣooṣù.

Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń ta ṣíà náà lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré lè lo odindi ọ̀sẹ̀ tí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Ìròyìn kànga gbígbẹ kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń kéde rẹ̀, kí ọjà tó ṣí. Nígbà tí ẹ ó fi jí, ẹni tó fẹ́ rà ti lọ. Òfin tiwa nìyí: a kì í fi ju ìdá 5 nínú 100 owó wa sí gbogbo irú èyí lápapọ̀, a kì í sì í yá owó alájẹṣẹ́kù fún un. Ìdá márùn-ún yẹn, a ti sunkún lórí rẹ̀ kí a tó san án.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí a ṣe ń jiyàn

Ọdún kìíní, àríyànjiyàn wa kò wúlò. Ẹni tó bá pariwo jù ló ń borí, ẹni tó dàgbà jù la sì ń bọ̀wọ̀ fún. Ta ló fẹ́ sọ fún Ẹ̀gbọ́n Tíṣà lójú pé wọ́n ṣì í? Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ló mú àbá wá, ó kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́, pé kí a máa pààrọ̀ ẹnu. Ẹni tó fẹ́ kí a rà á, òun ni kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ ká rà á. Ẹni tí kò fẹ́, kó wá bá wa polówó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la máa ń fún wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, Ẹ̀gbọ́n Tíṣà lọ wo ìwé ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ojú tó fà ro. Àwọn fúnra wọn ló rí i pé ìwé àṣẹ rẹ̀ kò ní pé ọdún kan mọ́. Kò sí ẹni tó bá wọn jiyàn, kò sì sí ẹni tó fojú di wọ́n. Màmá Aláṣọ náà polówó tiwọn débi tí nọ́ọ̀sì fi ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ni wọ́n bá wa rí i pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ti tọwọ́ bọ ìwé láti san gbogbo owó kànga kan fún ilé iṣẹ́ kékeré mìíràn. Ìyẹn la rà, díẹ̀.

Kí a tó rà á, a kọ ìdí tí a ó fi tà á sílẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, ọkàn kì í rí nǹkan kedere mọ́. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé ńlá wa: a ó tà á bí ilé iṣẹ́ ńlá náà bá yọwọ́, a ó tà á bí wọ́n bá ta ṣíà tuntun láì sọ ohun tí owó náà wà fún, a ó ta ìdajì bí ríìgì kò bá dé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ tí wọ́n dá. Gbogbo wa fọwọ́ sí i, ó ku Ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n béèrè bóyá a kò lè sọ oṣù mẹ́fà yẹn di mẹ́sàn-án.

Màmá Aláṣọ ti gbé báàgì wọn kọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i ká máa lọlé, ilẹ̀ ti ṣú."